Bíróílà 500 ní Àyọ̀bọ́: ikọ́ ń padà wá lẹ́yìn oògùn, awọ funfun ń bo ẹ̀dọ̀. Ṣé ilé ló fà á?

Ọmọ Àyọ̀bọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ ilé adìyẹ yìí.

Ẹsẹ̀ bàtà 20 ní gígùn, 20 ní ìbú ni. Bíróílà 500 ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti pé ọjọ́ 24. Ẹ̀yìn ilé náà fara ti fẹ́ǹsì, kò sí wáyà níbẹ̀ rárá. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù ní búlọ́ọ̀kù mẹ́rin kí wáyà tó bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́, àti nígbàkúùgbà tí òjò bá ṣú, tapólì la fi ń bò ó láti ìsàlẹ̀ dókè. Ìyẹ̀ igi láti sọ́míìlì la tẹ́ sílẹ̀, ó ga tó íǹṣì kan. Omi kànga inú ọgbà ni wọ́n ń mu, nínú ife oníke tí à ń bu omi sí, orí ilẹ̀ la sì gbé àwọn ife náà lé. Ọjọ́ márùn-ún péré ló wà láàárín ìgbà tí ọ̀wọ́ tó ṣáájú jáde àti ìgbà tí àwọn wọ̀nyí wọlé. A kó ìgbẹ́, a gbálẹ̀, a wọ́n apakòkòrò sí i.

Láti ọjọ́ 15 ni wọ́n ti ń sín, ọ̀fun wọn sì ń han lálẹ́. Mẹ́rin sí mẹ́fà ló ń kú lójúmọ́. A la mẹ́ta wò: ohun funfun kan bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn wọn bí awọ tó ń wà lójú ògì tó ti tutù. Antibáyótíìkì ọlọ́jọ́ márùn-ún dá a dúró, ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ó tún bẹ̀rẹ̀. Bákan náà ló rí fún ọ̀wọ́ tó ṣáájú. Ṣé kí n pààrọ̀ oògùn ni, àbí ilé ló ń dà á rú? Kí ló ṣeé ṣe fún àwọn tó wà nílé báyìí, kí ló sì yẹ kí á tún ṣe kí àwọn mìíràn tó wọlé?

Dókítà Ẹran, Ìpájà

Ọmọ Àyọ̀bọ́, ẹ kú ìfaradà. Awọ funfun tó bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn yẹn, kòkòrò àrùn tí wọ́n ń pè ní E. coli ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò tó fi ṣèdájọ́. Ẹ gbé méjì tàbí mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tàbí èyí tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, lọ sí láàbù lónìí, kí wọ́n wo kòkòrò tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì dán oríṣiríṣi oògùn wò lórí kòkòrò náà. Kí èsì tó dé, ẹ má ra oògùn mìíràn. Kòkòrò tó ti rí oògùn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀wọ́ méjì ti ń kọ́ bí yóò ṣe sá fún un.

Ìbéèrè yín nípa ilé gan-an ni ó yẹ kí á jókòó tì. E. coli kì í ṣe àlejò. Inú ìfun adìyẹ tó lálàáfíà ló ń gbé. Ó ń bá ìgbẹ́ jáde, ìgbẹ́ ń gbẹ, ó ń di eruku, adìyẹ ń fa eruku náà símú. Adìyẹ ní irun wínníwínní nínú ọ̀nà ọ̀fun tó ń gbá eruku padà sókè bí ìgbálẹ̀. Amóníà, ìyẹn òórùn tó ń ta imú tó ń ti ara ìgbẹ́ tútù jáde, ló ń pa àwọn irun wọ̀nyẹn. Bí ìgbálẹ̀ bá ti kú, kòkòrò á sọ̀ kalẹ̀ wọ inú àpò afẹ́fẹ́, á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni awọ funfun yẹn ti ń wá. Oògùn á pa èyí tó wà nínú ara. Kò lè hu irun ọ̀fun padà, kò sì lè gbẹ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń padà wá ní ọjọ́ kẹrin.

Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹta? Ìgbà náà ni Lasota ẹlẹ́ẹ̀kejì, ìyẹn àjẹsára àìsàn Newcastle, máa ń bọ́ sí fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, ó sì máa ń ta ọ̀nà ọ̀fun díẹ̀. Ìgbà náà ni ìgbẹ́ pọ̀ tó láti bo ìtẹ́lẹ̀. Bí àìsàn Gumboro bá sì ti kọjá lára wọn láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, agbára ara wọn ti lọ sílẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí ẹ fún wọn ní àjẹsára Gumboro àti bí ẹ ṣe fún wọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. 20 lọ́nà 20 jẹ́ 400 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 37. Adìyẹ 500 nínú 37 jẹ́ mẹ́tàlá àti ààbọ̀ lórí mítà kan. Nínú ilé ṣíṣí, nínú ooru Èkó, tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dàgbà dé kílò méjì, mẹ́wàá ni kó pọ̀ jù. Ilé yẹn jẹ́ ti 370. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ gíráàmù 150 lójúmọ́, 500 á jẹ kílò 75, wọ́n á sì mu omi tó tó ìlọ́po méjì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà kò dúró sínú ẹran. Ó lé ní 100 lítà lójoojúmọ́ tó ń jáde nípa ìgbẹ́ àti mímí. Níbo ni 100 lítà yẹn ń gbà kúrò nínú ilé tí ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ fẹ́ǹsì, tí ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta jẹ́ tapólì? Afẹ́fẹ́ nìkan ló lè kó o jáde.

Ẹ ṣe èyí lọ́la: ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí tapólì, ẹ wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ títí imú yín á fi bá ẹ̀yìn adìyẹ dọ́gba, ẹ dúró níbẹ̀ ìṣẹ́jú méjì. Bí imú bá ti gbọ́ òórùn amóníà, ó ti tó bí ìpín 20 nínú mílíọ̀nù ìpín afẹ́fẹ́. Èyí tó yẹ kò gbọdọ̀ ju 10 lọ. 25 ti ń pa wọ́n lára. Bí ojú yín bá ń ta, ó ti kọjá ààlà. Kí ẹ má sì rán ẹni tó ń gbé inú ilé náà látàárọ̀ dalẹ́ láti gbọ́ ọ; imú rẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Màmá Adìyẹ Agége

Dókítà ti sọ èyí tó kan kòkòrò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀, torí ilẹ̀ yẹn ló ń pa wọ́n.

Íǹṣì kan ìyẹ̀ igi kò lè gba ìgbẹ́ adìyẹ 500 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọmọ mi. Íǹṣì mẹ́ta ni ká tẹ́. Kì í sì í ṣe ìyẹ̀ igi kúnná tí ayùn ń dà jáde. Ìfá pákó ni, èyí tó ń ká bí rìbọ́nù, tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fá pákó kó dán. Ìyẹ̀ kúnná kì í mí: bí omi bá kàn án, á di pẹlẹbẹ bí ẹ̀kọ tútù, bí ó bá gbẹ, á di eruku, ọmọ adìyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á sì máa ṣà á jẹ. Fún ilé ẹsẹ̀ bàtà 20 lọ́nà 20, ẹ múra fún àpò ńlá bí 30. Ẹ má gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, ẹ má sì gba èyí tí òjò ti pa sí ẹ̀yìn sọ́míìlì, torí olú rẹ̀ á wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá ìtẹ́lẹ̀ dára: ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan láàárín ilé, ẹ fún un dáadáa, ẹ la ọwọ́. Bí ó bá dà sílẹ̀ kíá bí iyanrìn, ó ti gbẹ jù, eruku ń bọ̀. Bí ó bá lẹ̀ díẹ̀ kó tó tú ká, ó dára, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá dúró gbandi bí òkèlè ẹ̀bà, omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ wá bu òmíràn lábẹ́ ife omi, kí ẹ wo ìyàtọ̀. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí i pé ife omi ló ń ba ilé jẹ́.

Ife tó wà nílẹ̀, adìyẹ á fẹsẹ̀ gbọ̀n ọ́n, á da ìyẹ̀ sínú rẹ̀, á yàgbẹ́ sínú rẹ̀, á mu ún. Etí ife gbọ́dọ̀ bá ẹ̀yìn adìyẹ dọ́gba, ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni ẹ ó máa gbé e sókè, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Bí kò bá ṣeé fi okùn so, ẹ kan férémù pákó kékeré, ẹ na wáyà sójú rẹ̀, ẹ gbé ife lé e. Omi tó bá dà á bọ́ sábẹ́ wáyà níbi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé. Ife agogo tí a ń so rọ̀, ọ̀kan fún 80 sí 100, mẹ́fà á tó yín. Bí owó bá wà, ẹ ra nípù, ìyẹn ẹnu páìpù kékeré tí adìyẹ ń ṣó kí omi tó jáde, ọ̀kan fún adìyẹ mẹ́wàá. Nípù ló dáa jù fún ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀. Ọ̀kan péré tó bá ń jò á ba agbègbè kan jẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Fún àwọn tó wà nílé báyìí: ibi tí ìtẹ́lẹ̀ ti di pẹlẹbẹ, ẹ má fi réèkì tú u pọ̀ mọ́ èyí tó kù o. Bí ẹ bá tú u, amóníà tó sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà sí wọn lójú. Ṣọ́bìrì ni kí ẹ fi ká a nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní, ẹ kó o sínú àpò, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ọgbà, ẹ da ìfá pákó gbígbẹ sípò rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ gbé adìyẹ mẹ́wàá, ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn wò. Egbò dúdú ní àárín àtẹ́lẹsẹ̀ kò parọ́. Ilẹ̀ ti tutù tipẹ́, ojú egbò yẹn sì ni kòkòrò stafilokọ́kọ́ọ̀sì ń gbà wọlé tí oríkèé ẹsẹ̀ fi ń wú tí adìyẹ ò lè dìde.

Ọmọ Àyọ̀bọ́

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, Dókítà. A ti kó àpò 11 tó di pẹlẹbẹ jáde lónìí, púpọ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ife omi bí ẹ ṣe wí. Adìyẹ méje nínú mẹ́wàá ló ní egbò lẹ́sẹ̀.

Ìbéèrè méjì. Ẹnì kan ní kí a wọ́n láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí àwọn ẹlẹ́ja ń dà sínú ikùdu, sórí ìtẹ́lẹ̀ kó lè gbẹ kó sì pa kòkòrò. Ṣé ó dára? Ìkejì, bí a ò bá bo tapólì lálẹ́, òjò á wọlé, òtútù á sì mú wọn. Báwo ni ká ṣe é?

Dókítà Ẹran, Ìpájà

Láìmù: ẹ má wọ́n ọn nígbà tí adìyẹ wà nílé. Láìmù máa ń lé amóníà jáde láti inú ìgbẹ́ tútù. Ohun tí ẹ ń sá fún lẹ ó fi ọwọ́ ara yín tú sílẹ̀, yàtọ̀ sí pé ó ń jó ẹsẹ̀ tó ti ní egbò. Àwọn tó ń wọ́n nǹkan sórí ìtẹ́lẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ohun kíkan bí álọ́ọ̀mù ni wọ́n ń lò, torí ohun kíkan ló ń de amóníà mọ́lẹ̀. Láìmù wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n orí kọnkéré tí a ti fọ̀ tán ni ipò rẹ̀, kí ìtẹ́lẹ̀ tuntun tó wọlé.

Mo tún fẹ́ sọ ti iye wọn. Ẹ gé wọn kù. Ẹ fi wáyà àti òpó igi ṣe ọgbà kékeré kan lábẹ́ òrùlé mìíràn, ẹ kó 130 lọ síbẹ̀. Kí ẹ má ta wọ́n láti dín wọn kù bí oògùn bá ṣì wà lára wọn. Ọjọ́ tí ẹran gbọ́dọ̀ fi dúró lẹ́yìn oògùn wà lára páálí. Ẹ kà á, ẹ sì wo nọ́mbà NAFDAC rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ìlànà lásán. Ní 2005 ni Amẹ́ríkà dá antibáyótíìkì enrofloxacin dúró fún adìyẹ torí kòkòrò Campylobacter inú adìyẹ tí oògùn ò ràn mọ́ ń ṣí sára èèyàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù ti ní kí ẹnikẹ́ni má fi antibáyótíìkì sínú oúnjẹ ẹran kó lè yára dàgbà. Oògùn tí a ń dà sómi fún gbogbo ìsín yìí, ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ni dókítà ilé ìwòsàn ní fún ọmọ yín.

Ti tapólì, kí ẹni tó ń kọ́lé dá yín lóhùn.

Kọ́lékọ́lé Ìdímù

Èmi nìyẹn o. Bí a ṣe so tapólì ló ṣòro, bíbò rẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń so ó mọ́ òkè, tí wọ́n á jẹ́ kó wálẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ máa ká sókè, atẹ́gùn tútù á wá fẹ́ lu adìyẹ tààrà. Ẹ yí i padà. Ẹ kan etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù, ẹ ki páìpù tàbí igi sí etí òkè rẹ̀, ẹ fi okùn àti púlì fà á sókè. Nígbà tí ẹ bá fà á dé òpin, kí ẹsẹ̀ bàtà kan ṣì ṣí sílẹ̀ lábẹ́ òrùlé yí ilé ká. Afẹ́fẹ́ gbígbóná àti amóníà á gba òkè jáde, atẹ́gùn kò ní kan adìyẹ. Alẹ́ Èkó kì í tutù débi tí bíróílà ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta á fi kú. Òjò tó ń fẹ́ wọlé ni ọ̀tá. Òrùlé ló ń dá ìyẹn dúró: ẹ jẹ́ kí páànù yọ kọjá ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, kí gọ́tà sì gba omi rẹ̀ lọ sí kòtò. Bí omi òrùlé bá ń bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, búlọ́ọ̀kù á fà á mu, ilẹ̀ inú á tutù láìsí pé ife kan jò.

Búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ti ga jù. Búlọ́ọ̀kù jẹ́ íǹṣì mẹ́sàn-án ní gíga, mẹ́rin jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Adìyẹ tó jókòó kò ju íǹṣì mẹ́wàá lọ. Gbogbo atẹ́gùn yín ń gba orí wọn kọjá. Àwọn ní tiwọn wà nínú kòtò. Ẹ yọ búlọ́ọ̀kù méjì, ẹ fi wáyà dípò rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, mo sì gbà pé òun ni ìyàtọ̀ tó tóbi jù tí owó kékeré lè ṣe nínú ilé yìí.

Fẹ́ǹsì tó wà lẹ́yìn ló le. Ilé tó dára ní ẹ̀gbẹ́ méjì tó dojú kọra tó ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn gba ọ̀kan wọlé kó gba èkejì jáde. Nílẹ̀ wa níbí, láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti ojú òkun, ni atẹ́gùn ń fẹ́ wá ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí gígùn ilé lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ̀gbẹ́ tó ṣí dojú kọ gúúsù àti àríwá. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kò ní wọlé lù wọ́n. Kí ìbú rẹ̀ má ju ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ. Bí ẹ bá máa tún un kọ́, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sílẹ̀ láàárín òun àti fẹ́ǹsì. Bí ilẹ̀ kò bá gbà bẹ́ẹ̀, ẹ la orí òrùlé, kí òkè kan yọ borí èkejì bí fìlà, kí ooru máa gba ibẹ̀ jáde. Fáànù ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí adìyẹ lé iná mànàmáná lọ́wọ́.

Ilẹ̀ inú: kọnkéré, kó ga ju ilẹ̀ ọgbà lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kó sì dà lọ sí ẹnu ọ̀nà ní íǹṣì kan fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ. Ẹ dí gbogbo ìlà tó là. Inú ìlà bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò Salmonella ọ̀wọ́ tó kọjá ń sùn dè yín.

Olómi Ẹ̀gbẹ́dá

Kò sẹ́ni tó tíì bi yín léèrè nípa kànga. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló wà láàárín òun àti sókáwéè? Ó yẹ kó tó 100. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì Èkó jẹ́ 60 lọ́nà 120. Bí tiyín bá tilẹ̀ jìnnà, ti aládùúgbò lè wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì náà gan-an. Nítorí náà ẹ ka omi kànga yín sí omi tó ní ìgbẹ́ nínú títí láàbù á fi sọ òdìkejì.

Klórínì ló rọrùn jù. Nígbà tí omi bá dé ẹnu adìyẹ, kí klórínì inú rẹ̀ jẹ́ ìpín 3 sí 5 nínú mílíọ̀nù. Bílíìṣì tí wọ́n kọ 3.5% sí lára, tí kò ní òórùn dídùn tàbí ọṣẹ nínú: mílílítà 90 sí 140 fún táǹkì 1,000 lítà, tàbí mílílítà 2 fún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà. Sìríǹjì ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ìdérí wọ̀n ọ́n. Ẹ dúró ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fún wọn. Ẹ ra bébà tí a fi ń dán klórínì wò, kí ẹ sì wọn inú ife tó jìnnà sí táǹkì jù, torí ìdọ̀tí inú páìpù máa ń jẹ klórínì kó tó dé ibẹ̀. Bí omi kò bá mọ́ lójú, tó pọ́n tàbí tó ní èérí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó silẹ̀, kí ẹ sẹ́ ẹ. Klórínì kì í ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀. Bílíìṣì tó ti pẹ́ nínú oòrùn náà ti di omi lásán.

Ìkìlọ̀: klórínì ń pa àjẹsára tó wà láàyè. Lasota tàbí Gumboro tí ẹ bá fi omi klórínì pò, omi lásán lẹ fún wọn mu. Ẹ dá klórínì dúró ní wákàtí 24 ṣáájú, kó di wákàtí 24 lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó padà sí i. Ẹ po mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò ní ọ̀rá, gíráàmù méjì àti ààbọ̀ fún lítà kan, sínú omi náà kí àjẹsára tó wọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibí ni Gumboro ti yọ wọlé, bí Dókítà ṣe ń béèrè.

Ife: ẹ fọ̀ wọ́n láràárọ̀ pẹ̀lú kàn-ìn-kàn-ìn. Bí inú ife bá ń yọ̀ lọ́wọ́, ilé kòkòrò ni yíyọ̀ yẹn. Nígbà tí ilé bá ṣófo, ẹ kún táǹkì 1,000 lítà, ẹ da lítà kan àti ààbọ̀ bílíìṣì náà sí i, ẹ jẹ́ kó kún gbogbo páìpù di ọjọ́ kejì, ẹ tú u dànù, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì láé, èéfín rẹ̀ ń pani.

Ọmọ Àyọ̀bọ́

Sókáwéè aládùúgbò kò ju ẹsẹ̀ bàtà 25 lọ sí kànga. A ti ra sìríǹjì. Èyí tó kù: ọjọ́ márùn-ún yẹn kéré, àbí? Báwo la ṣe máa fọ ilé náà, kí la sì ń gbé wọlé láti ìta?

Màmá Adìyẹ Agége

Ó kéré. Ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí apakòkòrò bá ti gbẹ, kì í ṣe lẹ́yìn tí adìyẹ ìkẹyìn jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni ẹ ṣe yẹn: kí wọ́n gbálẹ̀, kí wọ́n wọ́n apakòkòrò. Apakòkòrò tí a wọ́n sórí ìgbẹ́, ìgbẹ́ ló ń pa, kòkòrò wà lábẹ́ rẹ̀ láìfarapa. Ẹ kó ohun gbogbo jáde, ife, àwo oúnjẹ, tapólì, títí kan eruku orí igi òrùlé. Ẹ ha ilẹ̀ títí kọnkéré á fi hàn. Ẹ fi omi àti ọṣẹ ìfọṣọ rẹ ẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle fọ̀ ọ́, láti òkè wá sílẹ̀, ẹ ṣàn án. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ìgbà yẹn ni apakòkòrò kàn, ìwọ̀n tó wà lára páálí gan-an, bí 20 lítà tó ti pò fún ilẹ̀ àti ògiri ilé yín. Kó tún gbẹ. Láìmù wá kàn, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí ilẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ohun ìbòmú fún ẹni tó ń wọ́n ọn.

Àtìta wọlé: ẹsẹ̀ èèyàn ni àkọ́kọ́. Omi apakòkòrò tí a ń gbé síwájú ilẹ̀kùn, tí ewé ti jábọ́ sí, tí oòrùn ti bà lé fún ọjọ́ mẹ́ta, kò ṣe nǹkankan. Bàtà rọ́bà tó jẹ́ ti inú ilé nìkan ló dáa. Ẹ gbé pákó kan dábùú ẹnu ọ̀nà, kó ga dé orúnkún. Bàtà ìta dúró sí ìta pákó, bàtà inú wà ní inú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọjá sínú bàtà inú láìfi tìta tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Èkejì ni àwọn oníbàárà. Kéèjì tí wọ́n gbé wá láti ọjà ti gbé adìyẹ oko mélòó kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ìgbẹ́ wọn ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀nu géètì ni kí ẹ ti kó adìyẹ fún wọn, ọ̀dún dé tàbí kò dé. Àpò oúnjẹ alòkù, kó má wọ ọgbà. Eku ń gbé Salmonella kiri, ihò ìdajì íǹṣì sì ti tó o láti wọlé. Ẹ gbé àpò oúnjẹ sórí pákó, kó kúrò nílẹ̀ ní íǹṣì mẹ́fà, kó kúrò lára ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan kí ẹ lè rí ẹ̀yìn rẹ̀. Òkú adìyẹ, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kíkó rẹ̀. Kòtò jíjìn tàbí sísun, ẹ má jù ú sí kánààlì. Adìyẹ ìbílẹ̀ tó ń rìn kiri nínú ọgbà, ẹ dákun, ẹ wá ibòmíràn fún wọn.

Ẹ má fi ọ̀wọ́ tuntun kún ti àtijọ́ nínú ilé kan náà, kó tilẹ̀ jẹ́ mẹ́wàá.

Dókítà Ẹran, Ìpájà

Àfikún kan sí ti Màmá. Ọjọ́ tí àwọn tuntun bá dé, ẹ yí mẹ́wàá wò ní ìdodo. Èyí tó dúdú, tó tutù, tó ń rùn, láti ibi ìpaẹyin ló ti kó kòkòrò wá. Ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ gbọ́dọ̀ ti gbóná dé ìwọ̀n ooru 30°C kí wọ́n tó dé, afẹ́fẹ́ orí wọn 32 sí 33. Bí èédú lẹ fi ń mú un gbóná, ibi tí èéfín ń gbà jáde ṣe pàtàkì bí iná fúnra rẹ̀, torí èéfín ọ̀sẹ̀ kìíní ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí amóníà yóò parí. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ fi ìka tẹ àpò oúnjẹ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn wọn: nínú 100, kí 95 ní oúnjẹ rírọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá kù díẹ̀ káàtó, òtútù ni, tàbí omi tí wọn ò rí. Ọmọ tí kò jẹun lọ́jọ́ kìíní kò ní agbára láti gbógun ti kòkòrò ọjọ́ keje. Bí ó bá kú ju ọ̀kan lọ nínú 100 ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má dúró, ẹ gbé òkú lọ sí láàbù.

Ọmọ Àyọ̀bọ́

Èsì láàbù ti dé: E. coli ni. Méjì nínú oògùn mẹ́fà ló ṣì ń ràn án, èyí tí à ń lò tẹ́lẹ̀ kò sí nínú méjèèjì. A ti yọ búlọ́ọ̀kù méjì, a ti kó 130 lọ sí ọgbà kejì. Ẹyọ kan ló kú lónìí. Ìbéèrè tó kẹ́yìn: lẹ́yìn fífọ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ pé kọnkéré ti gbẹ dénú, torí ojú rẹ̀ máa ń tàn wá jẹ nígbà òjò?

Kọ́lékọ́lé Ìdímù

Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere, ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ́nà méjì. Ẹ tẹ́ ẹ sórí kọnkéré ní ìrọ̀lẹ́, ẹ fi sẹlotéèpù lẹ etí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Ní òwúrọ̀, ẹ gbé e. Bí ìsàlẹ̀ ọ̀rá bá làágùn, tàbí tí kọnkéré abẹ́ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká lọ, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí tapólì ṣí sílẹ̀, ẹ tún un dán wò lọ́jọ́ kejì. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta: àárín ilé, ibi tí ife omi máa ń wà, àti ẹsẹ̀ ògiri tó wà lápá fẹ́ǹsì. Ti ẹsẹ̀ fẹ́ǹsì ló máa ń gbẹ kẹ́yìn.